Ìbọn Tí Kò Bá Apá Kristin Mu

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìgbéraga ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe irú èyí tó máa ń pariwo láàárín ọjà. Irú èyí tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ sínú ẹni rere tí gbogbo ìlú ń yìn ni mo ní lọ́kàn. Sájẹ́ǹtì Vernon Haske ló ní in. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ jáde, ó sì ní kí n má fi ohunkóhun bò.

Ọlọ́pàá ni Vernon ní Brandt Creek, ìlú kékeré kan láàárín oko àgbàdo ní Nebraska. Òun ló ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá yòókù ní ìbọn yíyìn. Ìbọn pọ́ńpù ló mọ̀ jù lọ, èyí tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn dé òpin, kó sì tún tì í síwájú, kí ọta tó wọlé. Àwọn ìlú ìtòsí pàápàá máa ń rán ọlọ́pàá tiwọn wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì padà lọ máa ròyìn rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó kọ́, Kristin Dvorak ló sún mọ́ ọn jù. Ọ̀rẹ́ Vernon ni bàbá ọmọ náà kí ikú tó mú un lọ. Vernon ló mú Kristin wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọmọbìnrin kúkúrú ni, kò bẹ̀rù èèyàn, apá rẹ̀ kò sì gùn.

Nígbà tí ìbọn inú ọkọ̀ wọn gbó, Ọ̀gá Pruett tó jẹ́ olórí ọlọ́pàá ìlú náà pe Vernon sí ọ́fíìsì.

"Vern, yan èyí tó bá wù ọ́. Ẹnu rẹ la máa gbọ́. Èmi ò mọ̀ ju pé kó dún lọ nígbà tá a bá ní kó dún."

Oríṣi méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan wúwo, ìdí rẹ̀ jẹ́ igi, ó gùn. Irú èyí tí Vernon ti ń gbé láti ìgbà èwe rẹ̀ ni. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ìdí tirẹ̀ kúrú, àmọ́ èèyàn lè fi igi kún un tí ẹni tó fẹ́ lò ó bá ga.

Ohun tó tọ́ kò ṣòro. Kó fi ìbọn méjèèjì lé gbogbo ọlọ́pàá rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì wo èyí tí gbogbo wọn lè lò. Ṣùgbọ́n Vernon ti yàn kó tó dé pápá. Tó bá gbé ìbọn onídìí kúkúrú, ṣebí ohun tó ń sọ ni pé èyí tí òun fi ń kọ́ èèyàn láti ọjọ́ yìí kò dára tó? Ọkàn rẹ̀ kò gba ìyẹn.

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n dán ìbọn náà wò. Oòrùn ń pa wọ́n ní pápá, gbogbo wọn sì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó wọ ẹ̀wù ayẹta.

Ó kan Kristin. Ó yin ọ̀kan, ó dún dáadáa. Ó fa ọwọ́ ìbọn sẹ́yìn, ó tì í síwájú, ìbọn náà sì há. Èèpo ọta tó ti yìn kò jáde.

Vernon gbé ọwọ́ sókè. "Àtúnyìn!"

Àtúnyìn jẹ́ òfin pápá náà. Bí ìbọn fúnra rẹ̀ bá ní àléébù, ẹni tó ń yìn ún láǹfààní láti tún un ṣe láìsí pé wọ́n kà á sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni náà ni kò fà á dé òpin, kò sí àtúnyìn fún un. Ó kùnà nìyẹn. Vernon le lórí òfin yìí débi pé ó ti lé ọkùnrin gìrìwò kan láti ìlú Osmund padà sílé lórí rẹ̀.

Kristin tún yìn ín. Ó tún há.

"Àtúnyìn!"

Troy Lindquist, tó máa ń bá Kristin wọ ọkọ̀ kan náà lẹ́nu iṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. "Sájẹ́ǹtì, ẹ máa fún un ní àtúnyìn yẹn títí oúnjẹ alẹ́ á fi tútù!"

"Pa ẹnu rẹ dé, Troy," ni Kristin wí, àmọ́ òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Vernon. "Ọ̀gá, kò sí nǹkan tó ṣe ìbọn yìí. Apá mi ò dé ibẹ̀ ni. Tí mo bá gbé e lé èjìká, mo ní láti nà bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ọwọ́ rẹ ni kó o kọ́. Ìbọn yìí ti wà kí wọ́n tó bí ọ."

"Ṣé n ò lè gbìyànjú kékeré yẹn wò?"

"Kọ́ ọwọ́ rẹ, mo ní."

Ó tún há lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọmọ náà tó rí i ṣe. Vernon tún fún un ní àtúnyìn.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, Troy sún mọ́ Vernon. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Sájẹ́ǹtì, ooru la wà yìí o. Tí òtútù bá dé, tí Kristin wọ ẹ̀wù ayẹta, tó tún wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e, ìdí ìbọn yẹn á tún jìnnà sí i lọ́wọ́. Ẹ gbé èyí tó kúrú."

"Ìbọn ọmọdé nìyẹn. Àwọn ará Osmund á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi parí."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ gé ìdí èyí tí Kristin máa gbé. Ayùn ni mo ní nílé, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ."

"Ìbọn kan náà ni gbogbo ọkọ̀ máa gbé. Ohun tí mo ń kọ́ èèyàn nìyẹn, mi ò ní yí i padà nítorí ẹnì kan."

Troy wò ó, ó sì gbé èjìká sókè. "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Pruett béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

"Onídìí gígùn la máa gbé," Vernon dáhùn. "Gbogbo wọn ló yege."

"Kristin ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ni mo wí."

Ẹ wo bí irọ́ náà ṣe kéré tó. Ó sì dùn mọ́ Vernon nínú, torí ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé ìfẹ́ ló mú òun ṣe é. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ ọ̀rẹ́ òun pàdánù iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́ràn ọmọ náà. Àmọ́ òótọ́ mìíràn wà lábẹ́ èyí: bí Kristin bá kùnà, ìbọn náà kùnà nìyẹn, ẹni tó yan ìbọn sì kùnà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kristin dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ píkọ́ọ̀pù rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Ó yẹ kí n kùnà ni. Ẹ ṣé. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì máa kọ́ ọwọ́ mi bí ẹ ṣe wí."

Ìgbà yìí gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Kò tíì sí ohun tó bàjẹ́. Gbólóhùn kan péré ni: Kristin, ìbọn náà ni kò bá ọ mu. Dípò bẹ́ẹ̀, Vernon gbá a léjìká bí bàbá ṣe máa ń ṣe. Ó gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Máa gbìyànjú," ló wí.

Ọmọ náà sì gbìyànjú. Ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀, lójoojúmọ́, yóò gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú, yóò máa fà á, yóò máa tì í, títí èjìká rẹ̀ yóò fi wú. Ìyá rẹ̀, Albina, á máa wò ó láti ojú fèrèsé. Ó máa ń bi í pé, "Kí lo ṣe fún ìbọn yẹn tó fi ń jẹ ọ́ níyà báyìí?"

Yìnyín kọ́kọ́ já bọ́ lọ́dún náà nígbà tí ìkórè kò tíì parí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì jà ní ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo jọ sí, lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n lọ gbé ìbọn ọdẹ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Troy àti Kristin ni wọ́n rán lọ.

Troy ló ṣíwájú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bọ̀bọ́ mi, òtútù mú jù fún irú èyí. Gbé e sílẹ̀, ká lọ mu kọfí."

Kristin gbé ìbọn pọ́ńpù jáde láti inú ọkọ̀, ó dúró sẹ́yìn Troy kó lè dáàbò bò ó. Ó wọ ẹ̀wù ayẹta, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì nípọn lé e. Ó gbé ìbọn lé èjìká, ó na apá, ó fà á, ó tì í síwájú. Ó rò pé ó ti dé òpin.

Ọkùnrin náà gbé ìbọn sókè sí Troy. Kristin tẹ tirẹ̀.

Kà! Ọta kò tíì wọlé.

Ìbọn ọkùnrin náà dún. Troy ṣubú lulẹ̀ lórí yìnyín. Kí Kristin tó lè fa ìbọn náà lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin tó yìnbọn ti ju tirẹ̀ nù, ó ti kúnlẹ̀, ó ń ké orúkọ ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tí a tún fẹ́ yìnbọn sí mọ́. Troy kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ìlú kékeré kò mọ bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀ láìwá ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní ilé oúnjẹ tó wà lójú pópó, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà oníata pẹ̀lú búrẹ́dì aládùn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà òtútù, ọ̀rọ̀ Kristin ni wọ́n ń jẹ mọ́ ọn.

"Ó kàn dúró gbagidi ni. Ẹ̀rù bà á."

"Mo ti sọ ọ́ tipẹ́. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tobìnrin."

"Vern, ìwọ lo kọ́ ọ. Ìbọn ni àbí ọwọ́?"

Vernon gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ti yẹ ìbọn náà wò," ó wí. "Kò sí ohun tó ṣe é."

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni irọ́. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì wí pé, "Ọwọ́ nìyẹn, nígbà náà." Ó san owó oúnjẹ rẹ̀, ó sì jáde.

Kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, Kristin wá bá a nílé. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ọ̀gá, wọ́n máa bi mí bóyá mo yege lóṣù Kẹjọ. Mi ò ní dárúkọ yín. Oore lẹ ṣe fún mi, èmi ni mo fi ṣòfò. Èmi ni mo pa Troy."

Vernon sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n òun. Ó ní bí ọmọ náà bá ti bínú ni, bó bá ti bú òun, òun ì bá sọ ọ́. Inú rere rẹ̀ ló jẹ́ kó rọrùn láti dákẹ́. Mo sọ fún un pé àwáwí nìyẹn, kò sì bá mi jiyàn.

"Ṣe sùúrù, ọmọ mi," ni gbogbo ohun tó wí fún un.

Iyàrá òkè ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà ní gbangba. Ọ̀gbẹ́ni Quill, olùwádìí tí ìpínlẹ̀ rán wá, ló jókòó níwájú. Ìbọn náà wà lórí tábìlì rẹ̀. Marcy, ìyàwó Troy, jókòó sẹ́yìn nínú aṣọ dúdú.

Kristin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò gbèjà ara rẹ̀ rárá. "Ọwọ́ mi ló kùnà," ó wí. "Kò sí ẹlòmíì tó jẹ̀bi."

Wọ́n pe Vernon. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó búra láti sọ òtítọ́.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé Kọ́ńsítébù Dvorak yege nínú ìdánwò?" Quill béèrè.

"Ó yege."

"Pẹ̀lú ìbọn yìí?"

"Irú rẹ̀ gan-an."

"Ṣé wàhálà kankan wáyé?"

Vernon wo ìbọn náà. "Rárá."

"Irọ́ ni!"

Marcy ló dìde. Ọ̀gá Pruett yára yíjú padà. "Marcy, jọ̀wọ́, jókòó."

"Mi ò ní jókòó. Ọkọ mi ló kú, mo sì fẹ́ mọ ohun tó pa á." Ó nawọ́ sí ìbọn tó wà lórí tábìlì. "Lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn náà, Troy délé, ó ń sọ fún mi nídìí oúnjẹ. Ó ní ìbọn náà gùn ju Kristin lọ. Ó ní Vern ń ké àtúnyìn, àtúnyìn, bí adájọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fún ní rìbá. Ẹ bi í! Ẹ bi í, ẹ̀ẹ̀melòó ló ké e!"

Quill gbé ojú sókè. "Sájẹ́ǹtì?"

Ojú sì ń ti èmi tí mò ń kọ ọ́ láti sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yìí, tó mọ̀ pé ó ti parí, tún wá ibi sá sí.

"Troy máa ń ṣàwàdà," ó wí. "Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n."

Marcy kò pariwo mọ́. "Ó máa ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà nígbà tó ní kí ẹ gé ìdí ìbọn yẹn. Ó gbé ayùn rẹ̀ jáde, ó fi sórí tábìlì, ó ní bóyá ẹ máa yí ọkàn padà. Mo ní kó gbé e kúrò níbi tá a ti ń jẹun."

Quill dìde. Ó ní kí Kristin wọ ẹ̀wù ayẹta àti jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó yẹ ìbọn náà wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Gbé e lé èjìká. Fà á."

Ó gbé e. Gbogbo iyàrá ló rí i. Apá rẹ̀ nà tán pátápátá, ìka rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ibi tó yẹ kó dì mú. Ó fà á. Ọwọ́ ìbọn náà rìn díẹ̀, ó sì dúró kó tó dé òpin.

Kristin gbé ìbọn náà padà sórí tábìlì, ó rọra yíjú sí Vernon.

"Ẹ ní ọwọ́ mi ni."

Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà kúrò lára.

"Mo bi yín. Mo ní apá mi ò dé ibẹ̀, ẹ ní kí n kọ́ ọwọ́ mi. Gbogbo àsìkò yìí, mo rò pé ẹ̀ ń ṣàánú mi. Ṣé ìbọn yẹn lẹ̀ ń ṣàánú?"

Ìgbà náà ni Vernon tó jẹ́wọ́. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bó ṣe yàn kó tó dé pápá, bí kò ṣe jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kan ìbọn kejì, bó ṣe ké àtúnyìn tí kò tọ́, bó ṣe jẹ́ kí ìlú máa jẹ ẹran ara Kristin nílé oúnjẹ. Ó sọkún. Quill gbọ́ ọ tán, ó sì ní kó lọ jókòó.

Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kó àwọn ìbọn náà kúrò nínú gbogbo ọkọ̀, wọ́n sì gbé onídìí kúkúrú sí i. Ìpínlẹ̀ kéde pé Kristin kò jẹ̀bi. Àwọn ọkùnrin ilé oúnjẹ ní àwọn ti fura tipẹ́. Kristin kò wọ aṣọ ọlọ́pàá mọ́.

Àwọn kan nínú yín á sọ pé ọkùnrin náà kúkú jẹ́wọ́. Èmi kò ní bá yín pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí opó fà jáde lẹ́nu ẹni kò ì tíì di ìjẹ́wọ́. Ó láǹfààní láti sọ ọ́ ní pápá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ píkọ́ọ̀pù, ní ilé oúnjẹ, àti ní iyàrá àlejò ilé ara rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà níwájú rẹ̀. Nínú gbogbo ibẹ̀, òtítọ́ ì bá ti jẹ́ ẹ̀bùn. Nígbà tó fi máa sọ ọ́, kò sí ẹni tó tún wúlò fún mọ́.

Kí ìgbà òtútù tó parí, Vernon wakọ̀ lọ sí ilé Albina Dvorak lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá náà ṣí èyí tó jẹ́ pákó, àmọ́ kò ṣí èyí tó ní nẹ́ẹ̀tì.

"Vern."

"Albina. Ṣé Kristin wà?"

"Ó wà."

Vernon gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Obìnrin náà kò kúrò lójú ọ̀nà.

"Ó ti sọ fún mi pé tó o bá wá, kí n sọ fún ọ pé òun jáde. Mo ní mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Torí náà, òótọ́ ni mo sọ fún ọ. Ó wà nílé, ó gbọ́ ohùn rẹ, kò sì fẹ́ rí ọ."

"Jọ̀wọ́, sọ fún un pé mo…"

"Pé kí ni? Ó ti jókòó níwájú rẹ rí, Vern. Ìgbà yẹn ló yẹ kó o ti sọ ọ́."

Kò fi ìbínú ti ilẹ̀kùn. Ó rọra tì í bí ìgbà tí èèyàn kò fẹ́ kí òtútù wọlé. Vernon dúró lórí àtẹ̀gùn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Láti inú ilé ìdáná ni ó ti gbọ́ ohùn Kristin, ohùn ojoojúmọ́ lásán, tó ń bi ìyá rẹ̀ bóyá kọfí ṣì kù.